Orin Tí Mo Bá Dàgbà ní Áyálándì

Ní ọdún 2008, "Galway Girl" tí Mundy àti Sharon Shannon gbé jáde ni ó gba ipò kìíní nínú orin ní Áyálándì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Dublin nígbà náà. Gbogbo ọmọ kíláàsì wa ni ó gbà pé tiwọn ni orin náà, bẹ́ẹ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Steve Earle, ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú àwo ní ọdún 2000! Ní tèmi o, àkọ́díọ̀nù tí Shannon ń tẹ̀ ni ó wọ̀ mí lára. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́ nílé, nínú kásẹ́ẹ̀tì I. K. Dairo tí bàbá mi kó wá láti Nàìjíríà. Bí wọ́n bá bi mí pé níbo gan-an ni mo ti wá, orin yẹn ni mo máa fi ń dá wọn lóhùn.