Èèkù Idà tí ó ń Mì

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tó èèkù idà, kì í bèèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀. Èèkù ni òwe náà dárúkọ, kì í ṣe ojú idà, nítorí níbi èèkù ni idà ti ń gba àṣẹ. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ohun tí a ó ṣe bí ọwọ́ bá ti tó èèkù tán, tí èèkù fúnra rẹ̀ sì ń mì.

Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni ó wọ ilé ọmọ Èjìgbò kan ní Siporex, ní Yopougon, ní ìlú Abidjan. Oríta aláriwo ni Siporex, níbi tí àwọn ọmọ ọkọ̀ gbaka ti ń ké pe èrò láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn ará Èjìgbò kì í ṣe àjèjì ní ìlú náà. Ànàgó ni àwọn onílẹ̀ ń pe àwọn Yorùbá ibẹ̀, ìrìn àjò náà sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń gbọ́ èdè Faransé ní Èjìgbò gan-an.

Ohun èlò ọkọ̀ ni ọkùnrin náà ń tà. Alágbẹ̀dẹ ni baba rẹ̀ ní ilé, ṣùgbọ́n òun sá fún ẹwìrì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń kọ́ eré idà àwọn ará Ṣáínà, ó sì fi owó ara rẹ̀ ra idà ìdánrawò kan, irin tí a kò pọ́n lójú. Inú bàbá kò dùn sí i. Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò ọdún 2010 kò tètè tán ní Yopougon ní ọdún 2011. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí ìyẹn kì í fẹ́ rí idà nínú ilé rẹ̀, ìbáà kú lójú.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, igi èèkù gbẹ, ó sún kì, ihò inú rẹ̀ sì gba irin láyè. Ọmọ náà fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ wé e yíká. Ó le lọ́wọ́, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọjọ́ kan, bí ó ti ń fì í nínú àgbàlá, irin yí nínú èèkù, ó sì kọlu òpó ilẹ̀kùn tí àbúrò rẹ̀ obìnrin fara tì.

Bàbá kò pariwo. Ó gba idà náà, ó gé rọ́bà kúrò. “Ọmọ mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni o dì. Inú ni ó ti ń mì.”

Ó tú nọ́ọ̀tì ìdí èèkù, ó fa igi yọ, ìrù idà sì hàn, èyí tí ó wọ inú igi: ó tín-ínrín, ó sì ti dípẹtà. Ó wò ó bóyá ó ti sán. Ọmọ náà ní, “Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí a rẹ igi náà sínú omi.” Òtítọ́ ni pé igi tí ó mu omi a wú, ṣùgbọ́n bí ó bá tún gbẹ, a máa mì bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bí a bá sì fi agbára dè nọ́ọ̀tì mọ́ igi tí ó ti sún kì, igi lè là. (A ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìtàn ogun Róòmù, a kò kọ́ wọn bí a ti í fi èèkù sí ọ̀bẹ.) Ní Japan, èèkàn oparun kékeré ni ó máa ń so ìrù idà mọ́ èèkù, oníṣẹ́ idà a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó gbé idà sókè.

Bàbá fi sáńpépà ha ìpẹtà náà dànù. Ó bẹ́ igi pẹlẹbẹ méjì, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ inú ihò, ó sì gé awọ sí abẹ́ irin adábùú tí ó ń ṣọ́ ọwọ́. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, ó dá gbogbo rẹ̀ padà, ó dè nọ́ọ̀tì títí ó fi dúró, kò sì fi kún un. Lẹ́yìn náà ó di èèkù mú, ó fi ìka kan irin. Kò sí ohun tí ó ń ró wọ́rọ́wọ́rọ́ mọ́.

Ó yí èèkù sí ọmọ náà.

“Níbo ni ẹ ti kọ́ ọ, Bàbá mi?”

“Níbi ẹwìrì tí mo sá fún ni. Máa mú un lọ sí ibi tí àbúrò rẹ kò sí.”