PRÓSẸ́SỌ̀ YÍYÁ ÀTI ỌGBỌ́N ERÉ: ÈWO NI Ó Ń BORÍ?

  

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ọ̀wọ́n, àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ní ilé-kéwú wa. Wọ́n ní kí á ta kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí a ní, kí á fi owó kún un, kí á ra èyí tí prósẹ́sọ̀ rẹ̀ yá jù, nítorí pé eré ṣẹ́ẹ̀sì inú ti àtijọ́ máa ń ronú pẹ́. Owó tí wọ́n ń wí yìí ni a fẹ́ fi ra tírà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ èrò tèmi.

Prósẹ́sọ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wò ó pé: bí mo bá sún ọmọ yìí, kí ni ẹnì kejì yóò sún? Bí ẹ bá fẹ́ fi prósẹ́sọ̀ méjì wéra, ètò ṣẹ́ẹ̀sì kan náà ni kí ẹ fi sínú méjèèjì. Ẹ to àwọn ọmọ sí ipò kan náà, kí ẹ wá wo iye ipò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé yẹ̀wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ètò bá ti yàtọ̀, òṣùwọ̀n ti di méjì nìyẹn.

Ṣùgbọ́n yíyá nìkan kò tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ọ̀nà 20 ni ẹni àkọ́kọ́ lè gbà sún ọmọ. Bí ẹnì kejì bá fèsì, ó di 400. Bí àwọn méjèèjì bá tún sún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di 197,281. Nítorí náà, prósẹ́sọ̀ tí ó yá ní ìlọ́po méjì kò lè rí iwájú ní ìlọ́po méjì. Díẹ̀ ni yóò fi kọjá ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀rí. Ní 1997, ẹ̀rọ Deep Blue ti ilé-iṣẹ́ IBM fi àmì 3½ sí 2½ borí Garry Kasparov, ọ̀tayò ayé nígbà náà. Ẹ̀rọ ńlá ni. Ó ń gbé nǹkan bí ipò mílíọ̀nù 200 yẹ̀wò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 2006, ní ìlú Bonn ní Jámánì, ètò Deep Fritz fi 4 sí 2 borí Vladimir Kramnik, tí òun náà jẹ́ ọ̀tayò ayé. Nǹkan bí mílíọ̀nù 8 péré ni ó ń yẹ̀ wò. Ní 2009, Pocket Fritz 4, tí ó wà nínú fóònù alágbèéká, gba ipò kìn-ín-ní níbi ìdíje kan ní Buenos Aires, pẹ̀lú àmì 9½ nínú 10. Lóòótọ́, àwọn tí ó bá pàdé níbẹ̀ kò tó Kasparov, ṣùgbọ́n iye ipò tí ó ń yẹ̀ wò kò tó 20,000!

Kí ni ó fà á? Àwọn tí wọ́n kọ àwọn ètò ìkẹyìn wọ̀nyí ti kọ́ wọn láti tètè mọ ọ̀nà tí kò lérè, kí wọ́n pa á tì, kí wọ́n sì rin èyí tí ó lérè jìnnà. Ọgbọ́n ju agbára lọ.

Nítorí náà, kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà tó wa í lò. Ẹ jẹ́ kí á fi ètò tuntun sínú rẹ̀, irú Stockfish tí a kì í san owó fún, kí owó wa sì lọ síbi tírà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ní ìyapa ọ̀rọ̀ lórí eré yìí. Ẹni tí yóò bá ta á, kí ó jìnnà sí tẹ́tẹ́, kí ó má sì jẹ́ kí àkókò ìrun kọjá lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá náà. Ọmọ tí ó kọ́kọ́ nawọ́ sókè nìkan kọ́ ni ó mọ̀wé. Ẹ fún èyí tí ó ń rò ó jinlẹ̀ ní àyè tirẹ̀.