Pápá Ilé-Ìwé Wa Kì Í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti inú ilé tèmi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ẹni ni a ti ń jẹ èkúté onídodo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí, bí ó ti kàn mí ni ó kan gbogbo ẹni tí ń gbé ìlú ńlá, ìbáà ṣe oníṣòwò, ìbáà ṣe olùkọ́.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Ilé-ìwé wa ti pẹ́, ó sì ní pápá kan tí ó fẹ̀ dáadáa. Igi odán ńlá kan wà ní igun pápá náà, igi máńgòrò mẹ́rin àti fúrúùtù méjì sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Lábẹ́ odán yìí ni ìyá ẹlẹ́kọ máa ń gbé igbá kalẹ̀ ní òwúrọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń sá sí bí oòrùn bá mú, nítorí páànù orí kíláàsì wa máa ń gbóná bí ààrò. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò a wá gbá bọ́ọ̀lù. Bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, àwọn àgbàlagbà a gbé ọpọ́n ayò jáde. Ní gbogbo àdúgbò wa, kò sí ilẹ̀ mìíràn tí koríko ṣì wà lórí rẹ̀. Ilé fara ti ilé, ògiri fara ti ògiri.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, agbaṣẹ́ṣe kan wá sí ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́. Ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní ilẹ̀ òfìfo ni pápá wa, pé owó ni ó sùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òun yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù 24 sí iwájú, òun yóò sì kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀yìn fún àwọn tí ń wá yàrá. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ yóò ríṣẹ́ ṣe, ilé-ìwé yóò sì gba kíláàsì tuntun méjì. Ẹ̀yin ará, n kò ní í purọ́ fún yín: mo wà lára àwọn tí ó pàtẹ́wọ́ jù.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, ń ta aṣọ àǹkárá lẹ́bàá títì lábẹ́ agbòjò. Bí òjò bá ṣú, a di ẹrù. Bí òjò bá dá, a tún un tú. Àìmọye ìgbà ni omi ti ba ọjà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí mo ti gbé ìròyìn ṣọ́ọ̀bù délé, ayọ̀ ṣubú lu ayọ̀. Owó àjọ tí ó kó ní oṣù náà, ₦150,000, kò sun ilé wa di ọjọ́ kejì kí ó tó kó o fún agbaṣẹ́ṣe náà ní àsansílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ni ó wá kọ́ èmi fúnra mi lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ nípa omi àti ilẹ̀ ni. Mo mú agolo wàrà méjì tí mo ti gé ìdí wọn kúrò. A ri ọ̀kan mọ́ ilẹ̀ lábẹ́ odán, a ri èkejì mọ́ ẹnu géètì níbi tí ọkọ̀ ti tẹ ilẹ̀ le gbagidi. A bu omi ife kọ̀ọ̀kan sí wọn. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Kí wọ́n tó ka 80, ilẹ̀ abẹ́ odán ti mu omi tirẹ̀ tán. Ti ẹnu géètì wà níbẹ̀ títí agogo fi lù fún ìsinmi. Mo ṣàlàyé fún wọn pé gbòǹgbò igi àti ekòló ni ó la inú ilẹ̀, tí omi fi ń rí ọ̀nà wọlé, àti pé ewé igi pẹ̀lú máa ń gba òjò dúró díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ má baà já lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ojú mi lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ ilé-ìwé. Mo rí páànù ilé tí èmi àti ìyàwó mi ń gbé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Ọ̀nà odò ni pápá náà dà kọ, ilé wa sì wà láàrin pápá àti odò. Mo dákẹ́. Àwọn ọmọ rò pé ẹ̀kọ́ ti parí.

Ará Ìbàdàn kì í fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀. Ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ènìyàn tí ó lé ní 200 sì bá a lọ. Omi náà ba ọgbà ẹranko Àgódi jẹ́, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1967. A kò tí ì bí mi nígbà náà, ṣùgbọ́n bí òjò òru bá ti pẹ́ díẹ̀, bàbá mi kì í lè sùn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, èmi ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ nígbà tí òjò ńlá mìíràn rọ̀. Afárá já, ènìyàn tí ó lé ní 100 sì ṣòfò. Baba onílé wa kan ìṣó mọ́ ibi tí omi ọjọ́ náà dé lára ògiri rẹ̀. Ìṣó náà ga tó ìbàdí mi.

Ọlọ́run ni ó rọ òjò, ṣùgbọ́n àwa ni a kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi, àwa ni a da pàǹtírí sí odò, àwa ni a fi símẹ́ǹtì bo ilẹ̀ tí ì bá mu omi. Orúkọ ìlú wa pàápàá ń bá wa wí: Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni àwọn baba wa pè é. Ọ̀dàn náà dà lónìí?

Mo délé, mo sọ fún Ìyá Bọ́lá pé n kò lè fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Nígbà tí ó rí i pé òótọ́ ni, ó ní: "Bàbá Bọ́lá, ṣé ewé odán ni ẹ ó já fún mi kí n fi san owó ilé-ìwé Bọ́lá? Ẹ̀yin ń gba owó oṣù, bí ó tilẹ̀ kéré. Èmi, òjò ni ọ̀gá mi. Ọdún mẹ́jọ rèé tí mo ti wà lábẹ́ agbòjò yẹn."

N kò rí èsì kankan fún un, nítorí òótọ́ ni ó sọ. Ẹni tí ó bá ní kí a má kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù mọ́ ní ìlú, ẹni náà ti ní ibi tí yóò sùn ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tèmi ni pé, níbo ni kí a kọ́ ọ sí? Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo fi ẹsẹ̀ rin àdúgbò wa ká. Láàrin ilé-ìwé àti ọjà, mo ka ilé alámọ̀ mọ́kànlá tí ó ti wó, tí àwọn ọmọ bàbá kan náà ń bá ara wọn jà lé lórí. Mo ka ilé mẹ́fà tí a kọ́ dé ìdajì tí a sì pa tì. Mo ka ṣọ́ọ̀bù méje lójú títì tí wọ́n wà ní títì pa, nítorí owó wọn ti ga ju agbára oníṣòwò lọ. Ilé tí ó wó, a lè tún un kọ́. Ilé ilẹ̀, a lè sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ṣùgbọ́n pápá tí a ti da kọnkéré bò, ẹ sọ ọ̀kan ṣoṣo fún mi tí ẹ mọ̀ tí ó tún padà di pápá.

Mo tún rántí ohun tí mo rí ní ọdún tó kọjá, nígbà tí a kó àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà lọ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, èyí tí í ṣe bíi pápá bọ́ọ̀lù 100, ní etí ìlú. Láàrin ọdún 1950 sí 1960, wọ́n ń gé igi ibẹ̀, wọ́n ń dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ó parẹ́. Àwọn olórìṣà ibẹ̀ àti Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ni ó dìde gbà á sílẹ̀. Ní 1965 ìjọba kéde pé apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n fi gbogbo igbó náà kún un. Ní 2005 àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Ẹ̀sìn tèmi yàtọ̀, n kò lọ bọ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ níbẹ̀ pé kí a fẹ́ràn igi nìkan kò tó. Ìwé ni ó ń gbèjà ilẹ̀. Ilẹ̀ tí kò bá ní ìwé, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ já yanrìn síbẹ̀ ni yóò pè é ní tirẹ̀.

Nígbà tí ìpàdé tún pé, mo dìde. Mo jẹ́wọ́ pé èmi náà pàtẹ́wọ́ níjọ́sí, pé ìyàwó mi sì ti sanwó. Lẹ́yìn náà, mo gbé agolo méjèèjì àti korobá omi jáde, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi ká lọ sí abẹ́ odán. Àwọn kan pòṣé. Ẹnì kan ní tíṣà kò níṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n baba onílé wa, tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, dìde, ó ní: "Ẹ wá wo ìṣó ara ògiri mi kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun."

Ìpàdé kò lé agbaṣẹ́ṣe náà, kò sì gbà fún un. Wọ́n ní kí ọ̀gá wa lọ wá ìwé sọ́fè ilẹ̀ ilé-ìwé ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi wá a. Kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà. Ní báyìí, a ti ń dá owó láti tún ilẹ̀ náà wọ̀n, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ọ̀rọ̀ kò tí ì parí.

Ìyá Bọ́lá rí ₦100,000 gbà padà. Ìyókù, "ẹ padà wá lọ́la" ni wọ́n ń sọ fún un. Ó ṣì wà lábẹ́ agbòjò. A ti lọ bẹ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ṣọ́ọ̀bù títì pa pé kí ó jẹ́ kí òun àti obìnrin mìíràn jọ pín in gbà, ó sì ní òun yóò rò ó. Inú ìyàwó mi kò tí ì yọ́ sí mi tán, n kò sì dá a lẹ́bi.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ béèrè ìwé ilẹ̀ ilé-ìwé yín lọ́wọ́ ọ̀gá yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin oníṣòwò, kí ẹ tó san àsansílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹ béèrè ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì béèrè ibi tí omi rẹ̀ yóò gbà. Bí a kò bá fi àyè sílẹ̀ fún omi, omi yóò fi ipá gba àyè, kì í sì í wo ìwé sọ́fè ẹnikẹ́ni.