Káàdì Tíṣà àti Kàlẹ́ńdà Irá

Oríṣiríṣi ni ohun tí ọmọ aráyé ń kó jọ. Ẹlòmíràn ń kó owó jọ, ẹlòmíràn ń kó aṣọ, ẹlòmíràn a sì máa kó ọ̀rọ̀ tí kò kàn án jọ. Ní ìlú Ẹ̀rìn-Ilé, tí kò jìnnà sí Ọ̀fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, olùkọ́ kan wà tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó jẹ́ pé àwòrán pélébé-pélébé ti àwọn agbábọ́ọ̀lù ni tirẹ̀. Abẹ́ ibùsùn ni ó ń tọ́jú wọn sí, nínú àpótí onípáànù irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ayé àtijọ́ máa ń rù lọ sí ilé-ìwé. Tíṣà Oníkáàdì ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ní orúkọ mìíràn tí ó ń pe àpótí náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orúkọ ni à ń kọ sínú ìwé.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ni àṣà kíkó káàdì jọ ti gbilẹ̀ jù. Wọ́n ní eré kan tí wọ́n fẹ́ràn bí ẹ̀mí wọn, baseball ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì a fi kóńdó gbá a, a sì fi eré gé e. Kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn oníṣòwò sìgá ti ń fi àwòrán àwọn eléré wọ̀nyí sínú páálí sìgá, kí páálí náà lè le, kí ẹni tí ó rà á sì tún padà wá. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń ta ṣingọ́ọ̀mù gba iṣẹ́ náà ṣe, àwọn ọmọdé sì di oníbàárà. Láàárín ọdún 1909 sí 1911 ni wọ́n tẹ káàdì ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Honus Wagner jáde, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó dé ìta. Ní ọdún 2022, ẹnì kan san 7,250,000 dọ́là fún ẹyọ kan ṣoṣo. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ta káàdì Mickey Mantle, tí ilé-iṣẹ́ Topps tẹ̀ ní 1952, ní 12,600,000 dọ́là. Ohun tí ó sì pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé a gbọ́ pé Topps fúnra wọn ni wọ́n kó èyí tí kò tà nínú káàdì ọdún náà dà sínú òkun, nítorí pé ó ń gba àyè lọ́wọ́ wọn.

Àwọn tí ń yẹ káàdì wò níbẹ̀ le ju olùdánwò lọ. Wọn a máa fún káàdì ní máàkì láti 1 dé 10. Bí igun rẹ̀ bá ká, máàkì lọ. Bí ọmọdé kan bá ti fi bírò kọ nǹkan sí i, kódà kí ó jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, máàkì tún lọ. Tíṣà gba òfin yìí gbọ́ tọkàntọkàn. Ọwọ́ gbígbẹ ni ó fi ń mú káàdì, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ mú bírò súnmọ́ àpótí náà.

Kò ní káàdì baseball kankan tí ó níye lórí. Èyí tí ó fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí ó kó jọ ni àwòrán alálẹ̀mọ́ kékeré kan, tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Ọdún náà ni wọ́n gbá Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ilẹ̀ náà, tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sì kópa níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ Panini ti ilẹ̀ Ítálì, tí ó ti ń tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ fún ìdíje yìí láti 1970, tẹ ti àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú. Ràṣídì Yẹkínì ni ó wà lára èyí tí Tíṣà ní. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún náà, ní ìlú Dallas, Yẹkínì gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Bulgaria. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Ó sáré wọ inú àwọ̀n, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ihò rẹ̀, ó ń ké, ó ń sunkún. Gbogbo ayé ni ó rí i.

Kàdúná ni wọ́n bí Yẹkínì sí, ṣùgbọ́n Irá ni orírun rẹ̀, ìlú tí ìtàn sọ pé Ọya wọlẹ̀ sí. Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yun kan náà ni Irá àti Ẹ̀rìn-Ilé wà. Ìbàdàn ni ó kú sí ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012, wọ́n sì gbé e wá sin sí Irá. Nígbà tí Tíṣà ṣì ń kọ́ni, ó bi àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí wọ́n bá mọ ibi tí Yẹkínì ti wá. Ọ̀kan dáhùn pé Pọtogí ni. A kò lè dá ọmọ náà lẹ́bi púpọ̀. Pọtogí ni Yẹkínì ti gbá góòlù 21 wọlé ní sáà 1993 sí 1994, tí kò sí ẹni tí ó jẹ tó o nínú líìgì wọn.

Ìdáhùn yẹn ni ó gbé ìṣòro tuntun lé Tíṣà lọ́wọ́. Ó ní Yẹkínì ti Amẹ́ríkà, kò ní Yẹkínì ti ilé. Kí ọkùnrin náà tó lọ sí òkè òkun, ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ tí ó gba ife Áfíríkà ní ọdún 1976, tí ó jẹ́ pé àwọn ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Yẹkínì wà pẹ̀lú wọn ní 1984, nígbà tí wọ́n tún dé àṣekágbá, tí Zamalek ti ilẹ̀ Íjíbítì sì nà wọ́n ní 2 sí òdo ní Káírò àti 1 sí òdo ní Èkó. Ta ni ó tẹ káàdì wọn? Kò sí. Inú ìwé ìròyìn ni àwòrán wọn wà, àti lára kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń fi kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ìwé ìròyìn kò sì pẹ́ láyé nílẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí òdo. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Múdà Láwàl jẹ ọ̀kan. Tíṣà ra ìwé ìròyìn mẹ́ta nítorí ọjọ́ yẹn. Ikán jẹ méjì, ẹlẹ́pà kan sì fi ẹ̀kẹta pọ́n ẹ̀pà tà.

Nígbà tí ó wá gbọ́ pé kàlẹ́ńdà Shooting Stars ti ọdún 1984 wà lára ògiri ìyá àgbàlagbà kan ní Irá, kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ilẹ̀ mọ́, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

Òótọ́ ni. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà tò ní ìlà méjì, Yẹkínì sì dúró lẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga tí ojú rẹ̀ kò tíì mọ ohun tí ó ń bọ̀. Èéfín ti sọ funfun aṣọ wọn di ràkọ̀ràkọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ba Tíṣà nínú jẹ́ ni bírò. Bírò ni gbogbo ìsàlẹ̀ kàlẹ́ńdà náà, bírò ni gbogbo etí rẹ̀.

"Màmá," ni ó wí lẹ́yìn ìkíni, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n rà á lọ́wọ́ yín. N óò san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ tún un wò dáadáa. Agbábọ́ọ̀lù ni ẹ̀yin rí. Ọkọ mi ni èmi rí."

Tíṣà bá súnmọ́ ọn. Ọjọ́ tí a bí ọmọ wọn kẹta wà níbẹ̀. Iye tí wọ́n ra páànù ilé wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí ìyá ọkọ papòdà. Nígbà tí ọdún 1984 parí, bàbá náà kò yọ kàlẹ́ńdà kúrò. Etí rẹ̀ ni ó ń kọ ọdún mìíràn sí, ìkọ̀wé rẹ̀ ń kéré sí i bí àyè ti ń tán.

"Màmá, mo lè da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé tuntun fún yín."

"Ọwọ́ yín ni yóò wà nínú ìyẹn," ni ìyá náà dáhùn. "Ọwọ́ tirẹ̀ kọ́."

Tíṣà kò rí èsì fọ̀. Ó padà sí Ẹ̀rìn-Ilé lọ́wọ́ òfo, ọ̀nà sì gùn lójú rẹ̀ ju bí ó ti rí lọ. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni kò fi ṣí àpótí. Lẹ́yìn náà ni ó tọ káfíńtà lọ, ó ní kí ó kan férémù onídígí kan fún òun, ó sì gbé e lọ sí Irá. Kò béèrè fún títà mọ́. Ó ní eruku àti èéfín yóò pa ìkọ̀wé náà rẹ́ bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n sọ kàlẹ́ńdà kalẹ̀. Ìwé ti gbẹ, ó ń dún wàsàwàsà, wọ́n sì rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bí Tíṣà ti fẹ́ fi dígí bò ó, ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ dúró ná. Ó ku ọjọ́ kan tí kò sí níbẹ̀. Òun ni ó ń kọ ti gbogbo wa, ẹnikẹ́ni kò rántí kọ tirẹ̀. Èmi kò mọ ìwé. Ẹ̀yin ẹ bá mi kọ ọ́."

Ó dárúkọ ọjọ́, oṣù àti ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú. Tíṣà yọ bírò nínú àpò. Ó wá àyè títí, ó rí ìwọ̀nba díẹ̀ ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó tẹ̀ ba tábìlì, ó sì kọ ọ́.