Ta Ni A Ń Pè Ní Gẹ̀ẹ́sì?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náháwù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú kíláàsì náháwù ló ti bẹ̀rẹ̀. À ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ àwọn orílẹ̀-èdè ayé lédè Lárúbáwá. A kọ Inkilitírà sójú pátákó, a kọ Birítáníyà sábẹ́ rẹ̀, a ní kí wọ́n túmọ̀ méjèèjì sí Yorùbá. Gbogbo wọn kọ "Gẹ̀ẹ́sì" síwájú ti àkọ́kọ́, wọ́n tún kọ "Gẹ̀ẹ́sì" síwájú ti èkejì. Ọmọbìnrin kan wá nawọ́, ó ní, "Ùsítáàsì, ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá jẹ́ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, kí ló dé tí wọ́n fi ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù mẹ́rin?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù ife àgbáyé, Ẹ́ńgílándì ń dá dúró, Scotland ń dá dúró, Wales ń dá dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni Northern Ireland. Síbẹ̀ ìjọba kan náà ló wà lókè orí gbogbo wọn. Ẹ́ńgílándì fi òfin gba Wales mọ́ra ní 1536. Ní 1707, òun àti Scotland di ọ̀kan. Ní 1801 wọ́n fi Ireland kún un, nígbà tó sì di 1922, apá tó pọ̀ jù nínú Ireland ti bá tirẹ̀ lọ. Kò tíì pẹ́, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, tí àwọn ará Scotland dìbò bóyá kí àwọn náà máa lọ. 55 nínú 100 ló ní kí àwọn dúró. Àwọn tó da Àríwá àti Gúúsù wa pọ̀ ní 1914, àdàpọ̀ ni àwọn náà. Ẹnu ya àwọn ọmọ. Ó ya àwa náà lẹ́nu nígbà tí a kọ́kọ́ kà á, nítorí pé nílé kéwú tí a ti jáde, Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni àwọn álífáà wa mọ̀, òun náà ni ẹni tó wá gba ìlú.

Àwọn bàbá wa kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Òyìnbó ni gbogbo wọn. Ìlú Ọba ni wọ́n pe ìlú wọn, orúkọ náà kò sì yí padà ní gbogbo 70 ọdún tí ọbabìnrin fi wà lórí ìtẹ́, láti 1952 títí di 2022. Aṣojú ìjọba wọn tó wá jókòó ti Ìbàdàn lẹ́yìn ìwé àdéhùn 1893, Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n pè é. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, Ìbàdàn ló ń rán ajẹ́lẹ̀ lọ sí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀, kí ó sì máa jẹ, kí ó máa mu lọ́rùn àwọn onílùú. Ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ náà fi jẹ wọ́n wà lára ohun tó fa ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká lójú ogun títí di 1893 yẹn kan náà. Nígbà tí Ìbàdàn wá gbé orúkọ Ajẹ́lẹ̀ wọ Òyìnbó, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Iṣẹ́ tí àwọn ti ṣe rí ni. Ní tiwa, a kà á sí àwàdà tó dùn jù tí ìlú yìí dá lórí Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan péré sì ni.

Ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́ náà, Captain Robert Lister Bower, kì í ṣe onísùúrù. Òun ló yin ìbọn àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895. Ní 1936 wọ́n kọ́ ilé gogoro kan sí Òkè Ààrẹ fún ìrántí rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Kí ni Ìbàdàn pè é? Láyípo, nítorí pé àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí ènìyàn po títí tí yóò fi dé òkè. Ẹ bi ọmọ Bẹyẹrúnka pé níbo ni Bower's Tower wà, yóò máa wò yín lójú. Ẹ ní Láyípo, yóò fà yín lọ́wọ́ débẹ̀.

Màpó náà ńkọ́? Captain Ross tó jẹ́ Ajẹ́lẹ̀ àgbà ló ṣí gbọ̀ngàn náà ní 1929. Bí àlejò bá dé, a ó ní kí ó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n irú òpó tí àwọn ará Gíríkì ìgbàanì ń kọ́ ló gbé e ró, ẹnjiníà tó kọ́ ọ sì ni Taffy Jones. Taffy yìí, orúkọ yẹ̀yẹ́ tí àwọn ará Ẹ́ńgílándì fi ń pe ará Wales ni. Níwájú ilé yìí kan náà ni wọ́n ti gbé adé lé Ọba Rashidi Ladọja lórí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2025. Àwa wà lẹ́yìn èrò ní ọ̀nà Bẹẹrẹ, fìlà nìkan la rí.

Ní ti ìṣèlú, ilé aṣòfin wọn la wò kọ́ tiwa. Ẹgbẹ́ méjì dojú kọ ara wọn, ẹni tó bá fẹ́ bú ẹnìkejì yóò kọ́kọ́ pè é ní ọlọ́lá. Bí wọ́n ti ń ṣe é ní Agodi nìyẹn, nígbà Ilé Aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn. Adégòkè Adélabù, ọmọ Ìbàdàn, mùsùlùmí, mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì débi pé ó ń fi í dá àwọn tó ni ín lágara. Ó dìde lọ́jọ́ kan, ó pe ọ̀ràn tó wà nílẹ̀ ní "peculiar mess", ìyẹn rúdurùdu tí kò ní irú. Àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò gbọ́ èdè náà gbé e dé Ọjà'ba, ó di Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, ó sì di orúkọ rẹ̀. Jàǹbá mọ́tò ló pa Adélabù ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1958, ọ̀rọ̀ náà kò bá a kú.

Àwàdà tiwọn kì í pariwo bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2016, David Cameron, tó jẹ́ olórí ìjọba wọn nígbà náà, ń bá ọbabìnrin sọ̀rọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ìwà ìbàjẹ́ wọn kọjá sísọ ń bọ̀ wá bá òun ṣèpàdé, ó sì dárúkọ Nàìjíríà àti Afghanistan. Ẹ̀rọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n bi Ààrẹ Buhari bóyá ó fẹ́ kí ọkùnrin náà tọrọ àforíjì. Ó ní òun kò béèrè àforíjì, dúkìá tí wọ́n jí kó lọ sọ́dọ̀ wọn ni kí wọ́n dá padà. Ohun tí Cameron sọ fi ẹ̀rín bora, ti Buhari kò bora rárá, ṣùgbọ́n ti Buhari ló pa àwọn ènìyàn wa lẹ́rìn-ín.

Èyí tó ká wa lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wá kù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ti parí kéwú lọ́dọ̀ wa ń gbé ní London. Ibẹ̀ ló bí ọmọkùnrin rẹ̀ sí, nígbà tí ọkọ rẹ̀ ń kàwé lọ́hùn-ún. Ó pè wá lórí fóònù pé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ fún àwọn ní fọ́ọ̀mù, kí ni kí òun kọ? Ọmọ náà ń sọ èdè wọn bí ẹni pé inú ìdílé Jones ni wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1983, bíbí síbẹ̀ nìkan kò sọ ọmọ di ọmọ ilẹ̀ wọn. Ó di dandan kí bàbá tàbí ìyá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, tàbí kí ó ti ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ọmọ bá gbé ibẹ̀ fún ọdún 10 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, wọ́n lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. A rántí àwọn bàbá bàbá wa. Ẹni tí wọ́n bí sí Èkó tó ti di ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1861, wọ́n kà á sí ọmọ abẹ́ ọba náà. Ará Ìbàdàn tó ń san owó orí fún Ajẹ́lẹ̀, ẹni ààbò lásán ni wọ́n kọ sínú ìwé tirẹ̀.

Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá tó di olórí ẹgbẹ́ Conservative ní oṣù kọkànlá 2024, London ni wọ́n bí i sí ní 1980, ọdún mẹ́ta kí òfin yẹn tó dé. Èkó ló ti dàgbà, ṣùgbọ́n ìwé ti wà nílẹ̀ dè é. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó sọ fún ìwé ìròyìn The Spectator pé Yorùbá ni òun ka ara òun sí ju Nàìjíríà lọ, pé òun kò ní ohun kan pọ̀ mọ́ àwọn ará Àríwá, ọ̀tá ìran òun ni wọ́n. Yorùbá tó ní òun jẹ́, a kí i fún un. Ti ọ̀tá yẹn ni a kò gbà. Lóòótọ́ Ìbàdàn lé ogun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840. Ṣùgbọ́n Ìlọrin yẹn náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn álífáà wa ti gba kéwú, tí wọ́n gbé e wá sí Ọjà'ba. Ẹni tó bá ní òun ń fi Yorùbá hàn fún Gẹ̀ẹ́sì, kí ó fi gbogbo rẹ̀ hàn.

Ọmọ inú fọ́ọ̀mù náà ti pé ọdún 10 báyìí, ìyá rẹ̀ sì ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́hùn-ún. Ní alẹ́ Sátidé, a máa ń kọ́ ọ ní kéwú lórí fóònù. Láìpẹ́ yìí a bi í lédè Lárúbáwá pé níbo ni ó ti wá. Ó ní, "Ana min London." Ìyá rẹ̀ pariwo lẹ́yìn rẹ̀, "Bẹyẹrúnka!" A ní kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Ó kù kí a ṣàlàyé fún un pé orúkọ ìlú àjèjì kì í gba kísírà lẹ́yìn "min" bíi ti Lárúbáwá.