Ta Ni Yóò Wọn Oko Rẹ?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí a ní láti kọ́ ní ohun tí òṣùwọ̀n jẹ́. A mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọ inú. A mọ aláṣọ tí ọ̀pá rẹ̀ máa ń kúrú nígbà tí ó bá ń tà, tí ó sì máa ń gùn nígbà tí ó bá ń rà lọ́wọ́ ahunṣọ. Ní Ìṣẹ́yìn tiwa níbí, obìnrin tí ó bá fẹ́ ra òfì yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò fi apá ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, kí ó tó dá ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n obìnrin kan náà yìí, tí kò jẹ́ kí alágbàdo fi ẹ̀kúnwọ́ kan rẹ́ òun jẹ, yóò dúró sí etí oko rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, yóò sì máa wo ọkùnrin tí ó wa katakata wá bí ó ti ń fi ojú wọn ilẹ̀ náà. Ọkùnrin náà yóò ní, "Màmá, éékà mẹ́fà ni." Owó éékà mẹ́fà náà ni yóò sì tú jáde nínú ìró.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò lóṣù yìí, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ń dá oko ti ara wọn ń pọ̀ sí i láàárín wa. Láti Ìṣẹ́yìn dé Òkehò, láti Ṣakí dé Ìgbòho àti Kìṣí, ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọlọ́run fi fún wa. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ran ọkọ lọ́wọ́, òun náà sì ni àwọn mìíràn fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ láìdúró de ẹnikẹ́ni. Owó katakata sì wà lára ìnáwó tí ó máa ń kọ́kọ́ wọlé, nígbà tí a kò tí ì rí kọ́bọ̀ kan nínú oko náà.

Láyé àwọn ìyá wa, ebè ni òṣùwọ̀n oko. Igba ebè ni alágbàṣe fi ń dá iye owó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe é níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ́ ro oko títí di òní. Òṣùwọ̀n náà ní àléébù tirẹ̀: bí alágbàṣe bá kọ ebè kéékèèké, iye yóò pé, ṣùgbọ́n iṣu kò ní rí ibi ta sí. Síbẹ̀, olóko lè rìn láàárín ebè, kí ó sì kà á. Éékà tí katakata mú wá kò ṣeé kà. Ojú kò rí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ojú kò sì rí ibi tí ó parí sí.

Kí ni éékà gan-an? Bí a bá fi ọ̀pá wọn òòró ilẹ̀ kan àti ìbú rẹ̀, tí a sì fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, éékà kan yóò jẹ́ 4,840. Ilẹ̀ tí ó gùn ní 70 ọ̀pá tí ó sì fẹ̀ ní 70 ọ̀pá fi díẹ̀ ju éékà kan lọ. Pápá bọ́ọ̀lù àwọn àgbà, tí ó gùn ní 105 mítà tí ó sì fẹ̀ ní 68, ju éékà kan àti ààbọ̀ lọ dáadáa. Ti hẹ́kítà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń pè, ọ̀kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó éékà méjì àti ààbọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ohun èlò àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù ṣe dé oko ẹ̀gẹ́ mi. Àbúrò ọkọ mi kan wà tí mo ń pè ní Ọkọ Mi Kékeré. Ìbàdàn ni ó ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gbé àpò igi tẹ̀lé àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Ẹ̀yin tí ẹ kò rí eré yìí rí, bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan ni wọ́n ń gbá lọ sínú ihò kan tí ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n ri àsíá sí. Òfin gbà kí igi tí ó wà nínú àpò tó 14, kò sì sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Igi tí yóò gbé bọ́ọ̀lù dé 150 ọ̀pá kọ́ ni yóò gbé e dé 170. Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ bí àsíá ti jìnnà sí òun tó kò lè mọ èyí tí yóò fà yọ. Tẹ́lẹ̀ rí, ojú àti ìgbésẹ̀ ẹni tí ó gbé àpò ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ayé òde òní, ẹ̀rọ méjì ni ó gba iṣẹ́ yìí: ẹ̀rọ lésà tí a ń gbé sójú bí awò, àti GPS tí ó máa ń wà nínú aago ọwọ́ tàbí nínú fóònù. Láti ọdún 2019 ni òfin eré náà ti fàyè gba irú ẹ̀rọ wọ̀nyí, àyàfi níbi tí àwọn tí ó ni ìdíje bá ti sọ pé àwọn kò fẹ́ ẹ.

Bàbá kan tí Ọkọ Mi Kékeré ń gbé àpò fún ra aago GPS, ó sì fi lésà rẹ̀ àtijọ́ ta á lọ́rẹ. Nígbà tí ó wá kí wa nílé, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ìyàwó wa, mo mú ohun tí yóò parí ìjà katakata bọ̀."

Ẹ̀rọ náà kò ju ìdì ọṣẹ kan lọ. Bí o bá tẹ ojú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí yóò jáde lọ, yóò kan ohun tí o dojú rẹ̀ kọ, yóò sì padà wá. Àkókò tí ó fi lọ tí ó fi bọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ sí àsíá tí ó wà ní 150 ọ̀pá kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nígbà tí ó ṣàlàyé èyí. Ohun tí ó lè wọn irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fi sílẹ̀ fún ọmọdé láti máa fi ṣeré.

A gbé e lọ sí oko ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sí àsíá, nítorí náà ọmọbìnrin mi gbé àwo tánganran funfun kan dání, ó sì ń lọ dúró láti igun kan dé òmíràn. Òòró oko náà jẹ́ 168 ọ̀pá, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 132. A tún wọ̀n ọ́n láti igun kan sí igun tí ó dojú kọ ọ́, lọ́nà méjèèjì, nítorí pé bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ilẹ̀ náà wọ́ ni, kò sì ní tó iye tí òòró àti ìbú rẹ̀ ń pè é. Ó dọ́gba, ó jẹ́ nǹkan bí 214 ọ̀pá. Ìṣirò wa jẹ́ éékà mẹ́rin àti díẹ̀ lé ní ààbọ̀. Ilẹ̀ yìí kan náà ni oní-katakata ń pè ní mẹ́fà.

Ọmọ mi kò fẹ́ kí lésà nìkan gba ògo. Ó ṣí GPS orí fóònù rẹ̀, ó rìn yí etí oko náà ká, ó sì padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù náà ní éékà 4.7. Ẹ̀rọ méjèèjì kò pe iye kan náà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sún mọ́ mẹ́fà nínú wọn.

Nígbà tí oní-katakata dé, mo sọ iye náà fún un kí ó tó dáná sí ẹ̀rọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká pè é ní márùn-ún." Mo ní kì í ṣe orúkọ ọmọ tí a fẹ́ sọ. Owó éékà mẹ́rin àti ààbọ̀ ni mo san, mo sì fi àmàlà ọ̀sán lé e. N kò pe ọkùnrin náà ní olè. Orí àga katakata ni ó ti ń wo ilẹ̀, ilẹ̀ sì máa ń tóbi lójú ẹni tí yóò ro ó. Bẹ́ẹ̀ ni òun náà ní ọ̀gá tí ó ń jíhìn fún. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn pàápàá kò fi ojú wọ̀n ọ́n mọ́: ilé-iṣẹ́ Hello Tractor, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2014, máa ń fi GPS sí ara katakata kí olówó rẹ̀ lè mọ ibi tí ó lọ àti iye ilẹ̀ tí ó ro. Bí olówó katakata bá ń lo sátẹ́láìtì, èé ṣe tí olóko kò ní lò ó?

Bí GPS ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àwọn ará Amẹ́ríkà gbé sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ rẹ̀ sókè ní ọdún 1978. Wọ́n ti lé ní 24 báyìí, wọ́n sì ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè orí wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kéde ibi tí ó wà àti ohun tí aago wí. Bí fóònù bá ti gbọ́ ohùn mẹ́rin nínú wọn, yóò ṣírò ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró sí. Iṣẹ́ ológun ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ń dojú rẹ̀ rú fún àwọn ará ìlú títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, nígbà tí Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n ṣíwọ́. Kò sí ẹni tí ń gba owó lórí rẹ̀. Bí dátà bá tilẹ̀ tán lórí fóònù, yóò ṣì máa gbọ́ ohùn wọn. Àwòrán ilẹ̀ nìkan ni ó ń jẹ dátà.

Èwo ni ó wá sàn jù? Lórí pápá gọ́ọ̀fù, Ọkọ Mi Kékeré ní lésà ni òun yóò mú bí òun bá rí àsíá, nítorí pé kì í fi ju ọ̀pá kan ṣì í. Ṣùgbọ́n bí igi tàbí òkìtì bá dí àsíá náà, lésà di afọ́jú, nígbà tí aago GPS, tí àwòrán pápá náà ti wà nínú rẹ̀, yóò máa sọ̀rọ̀ lọ. Ní oko, ohun tí a ń wá yàtọ̀. Etí oko ni a fẹ́ mọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni oko tí ó ní igun mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí tèmi. Èyí tí ó yà bí ewé ẹ̀gẹ́, tí odò gé lápá kan tí àpáta sì gé lápá kejì, lésà yóò dá ẹni lágara níbẹ̀. Ẹni tí ó mú fóònù dání kò ní ju kí ó rìn yí i ká lọ.

Ilẹ̀ wa pẹ̀lú wà lára ìdí tí mo fi yan fóònù. Àwọn tí ń ṣe oko kòkó ní ìhà Oǹdó wà lábẹ́ igi tí ó bo ojú ọ̀run, ohùn sátẹ́láìtì kò sì já gaara níbẹ̀. Ọ̀dàn ni tiwa: igi ìgbá kan níbí, igi òrí kan lọ́hùn-ún, ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ gbalasa. Lésà ni Òkè-Ògùn kò rọ̀ lọ́rùn. Bí àgbàdo bá ti ga ju orí lọ, kò lè rí igun kejì mọ́; nígbà ọyẹ́, tí eruku àti èéfín igbó jíjó bá gba ojú ọ̀nà, ó máa ń kọ̀ láti dáhùn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé fóònù lọ wọn ilẹ̀ ilé. Bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́, fóònù lè ṣi ibi tí ó wà mọ̀ ní nǹkan bí mítà márùn-ún. Lórí oko tí ó gùn ní 150 mítà, ìyẹn kò tó nǹkan. Lórí ilẹ̀ ilé tí ó jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 100 ní òòró, ìyẹn nǹkan bí mítà 15 sí 30, mítà márùn-ún jẹ́ ìdá mẹ́ta ìbú rẹ̀: yàrá ọmọ rẹ àti ilé ìdáná ti wọ ọgbà aládùúgbò. Tẹ́ẹ̀pù gígùn ni ó tọ́ síbẹ̀, tàbí lésà bí ẹ bá rí i yá. Bí ó bá sì di ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀, awọnlẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ pè, nítorí pé iye tí fóònù rẹ pè kò dúró níwájú adájọ́.

Owó katakata nìkan kọ́ ni ìwọ̀n yìí ń gbà là. Àwọn tí ń ṣe oògùn apa-koríko a máa kọ ọ́ sára ike rẹ̀ pé lítà báyìí fún hẹ́kítà kan. Ẹni tí ó bá ra oògùn éékà mẹ́fà, tí ó sì tú gbogbo rẹ̀ sórí mẹ́rin àti ààbọ̀, ti fi owó ara rẹ̀ ra iná sun àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ ni ti ajílẹ̀ àti ti irúgbìn.

Ọ̀pọ̀ yín ti bi mí bóyá kí ẹ lọ ra lésà. Bí fóònù tí ẹ ní bá ní GPS, ẹ má rà á. Ẹ rìn yí oko ká lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀; bí wọ́n bá jìnnà sí ara wọn, ẹ tún un rìn. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ katakata, nígbà tí koríko ṣì kúrú tí fóònù sì ní iná dáadáa. Obìnrin mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lè dáwó ra tẹ́ẹ̀pù gígùn kan, kí ó máa gbé lọ́dọ̀ akápò.

Ọkọ Mi Kékeré ti gbé lésà rẹ̀ padà sí Ìbàdàn. Ó ní àwọn bàbá kan ṣì wà lórí pápá tí kò gba aago gbọ́. Àyàfi kí ojú wọn rí àsíá náà nínú awò kí wọ́n tó mú igi.