Kí Èpò Tó Hù

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Texas, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń ronú koríko iwájú ilé báyìí. Koríko ti gbẹ, ẹ̀rọ tá a fi ń gé e ti sùn sí gáréèjì. Àsìkò yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ oògùn èpò.

Lọ́dún tó kọjá, arábìnrin kan láàárín wa, opó tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìwòsàn, fi lẹ́tà HOA hàn mí. Kó wá nǹkan ṣe sí èpò iwájú ilé ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò san owó ìtanràn. Ó ní, "Pásítọ̀, mo mà ti da oògùn sí i lẹ́ẹ̀mejì o, ṣe ló tún ń gbilẹ̀ sí i." Mo wo àpò oògùn náà. Oògùn gidi ni, wọ́n kọ pre-emergent sí i gàdàgbà. Ṣùgbọ́n oṣù Karùn-ún ló lò ó, crabgrass sì ti bo ilẹ̀. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, dípò kó sùn, ṣe ló ń kúnlẹ̀ fọwọ́ tu èpò. Ó dùn mí gan-an.

Ṣé ẹ rí i, irú oògùn yìí kì í pa èpò tó ti jáde. Kì í pa irúgbìn tó ń sùn nínú ilẹ̀ pàápàá. Ìgbà tí irúgbìn bá là, tó fẹ́ ta gbòǹgbò, ló máa bá oògùn pàdé lókè ilẹ̀ níbẹ̀. Gbòǹgbò ò ní lè gùn, ó parí nìyẹn. Àwọn àgbẹ̀ alágbàdo nílé mọ̀ ọ́n: tí wọ́n bá ti gbin àgbàdo tán ni wọ́n ń fín oògùn èpò, wọn kì í dúró kí èpò kọ́kọ́ ga.

Ooru ilẹ̀ ló ń pe crabgrass jáde, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Tí ilẹ̀ bá ti tó bíi 55 Fahrenheit fún ọjọ́ mélòó kan léraléra, ó ti fẹ́ máa là nìyẹn. Ní Houston, ẹ má jẹ́ kí àárín oṣù Kejì kọjá. Àwọn ará Dallas ṣì ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹ wá èyí tó ní prodiamine tàbí pendimethalin, kí ẹ kà á lára àpò bóyá ó bá koríko yín mu, St. Augustine ni o, Bermuda ni o. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fọ́n ọn kárí, kí ẹ bomi rin ín, bí ìdajì íǹṣì omi. Láìsí omi, orí koríko lásán ló máa jókòó sí. Kí àwọn ọmọ má ṣeré níbẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Nutsedge ò ní gbọ́ ti oògùn yìí o, torí inú iṣu kékeré abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń hù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan agbára oògùn á tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ́n òmíràn nínú oṣù Kẹsàn-án fún èpò ìgbà òtútù.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọgbà ẹ̀fọ́. Oògùn yìí ò mọ irúgbìn tá a fẹ́ yàtọ̀ sí èyí tá ò fẹ́. Tẹ̀tẹ̀ tá à ń jẹ yìí, pigweed lòyìnbó ń pe àwọn ẹbí ẹ̀, orúkọ náà sì wà lára àpò pé oògùn ń dènà ẹ̀! Ẹ bi Màmá léèrè ibi tó máa gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ohunkóhun lẹ́yìnkùlé.